Láti Ọwọ́ sí Ọwọ́: Bí Ìtọ́jú Ọmọ Kékeré Ṣe Ń Rìn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kan ní ìlú Oǹdó, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ ló ni ín, bàbá rẹ̀ ló ni ín, ìyá àgbà tó ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ náà gbà pé òun ló ni ín. Ìjọba náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, kì í sì í ṣe ìjọba kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti bí i, ti ìpínlẹ̀ ni. Sẹ́ńtà ìlera tí yóò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára wà ní ìjọba ìbílẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó o, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ti ń wá. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni yóò kọ ọ́. Tó bá tó ilé-ìwé, ó di ti SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́ nílé, Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Obìnrin ló kàn. Ọ́fíìsì márùn-ún, ìwé orúkọ márùn-ún, tí èkíní kì í sábà mọ̀ bóyá èkejì ti fojú kan ọmọ náà.

Bí ọmọ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó pé ọdún márùn-ún ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ilé tí ìjọba kọ́ ni a máa ń kà, iye bẹ́ẹ̀dì ni a máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sábà jábọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Àárín ọwọ́ méjì ló ti ń jábọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ, torí pé ó ti gbìyànjú láti so àwọn ọwọ́ náà pọ̀ rí. A rí ibi tó ti so, a sì rí ibi tó ti tú.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2008 fi hàn pé bí wọ́n bá bí ọmọ 100,000 láàyè, ìyá 545 ni oyún tàbí ìrọbí ń pa. Nínú ọmọ 1,000, 157 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kejì 2009, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, oníṣègùn tó jẹ́ ọmọ ìlú Oǹdó, gorí àléfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Kí ọdún yẹn tó parí, ètò Abíyè fún àwọn aboyún ti bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dóre, níbi tí Ìgbàrà-Òkè, Ìlárá-Mọ̀kín àti Ìjàrẹ́ wà, kò jìnnà sí Àkúrẹ́.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ni pé ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀: níbo gan-an ni àkókò aboyún ti ń ṣòfò? Wọ́n rí ibi mẹ́rin. Àkọ́kọ́ wà nínú ilé. Inú ti ń run aboyún, ṣùgbọ́n ọkọ kò sí nílé, owó kò sí lọ́wọ́, ìyá ọkọ sì ní kó fara balẹ̀, pé báyìí náà ló ṣe rí nígbà tí òun bí ọkọ rẹ̀. Èkejì wà lójú ọ̀nà: aba kòkó, òru, òjò, ọlọ́kadà tó ní òun kò wọ inú ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó ti dé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò sí nítòsí, tàbí wọ́n ní kí wọ́n lọ ra ibọ̀wọ́ wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láti 1994 ni àwọn onímọ̀ lágbàáyé ti ń ka mẹ́ta wọ̀nyí. Oǹdó wá fi ẹ̀kẹrin kún un: ilé ìwòsàn kékeré ti rí i pé agbára òun kò ká ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kò tètè fi aboyún ránṣẹ́ sí ibi tí agbára ti wà. Ẹ̀kẹrin yìí ni ìdádúró tó wà láàárín ọwọ́ méjì.

Òògùn tí wọ́n fún un kò le rárá. Wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní Health Rangers, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aboyún 25 láti máa tọ́pa. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ tiwọn láìsan owó. Wọ́n wá ọkọ̀ fún ọ̀nà tó dára, wọ́n wá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà. Ẹ wo 25 yẹn dáadáa. Ó kéré tó fún òṣìṣẹ́ láti mọ ojú gbogbo wọn, kó mọ ẹni tí oṣù rẹ̀ ti pé, kó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ máa ń le. Bí aboyún kan kò bá wá, òṣìṣẹ́ kan pàtó wà tí a ó bi léèrè nípa rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló ni gbogbo aboyún ni kì í sí ẹni tí a lè bi léèrè.

Ní 2010, wọ́n fi òfin kan kún un: bí aboyún bá kú ní ìpínlẹ̀ náà, ọ̀ranyàn ni kí wọ́n ròyìn rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sì ṣe ìwádìí ìkọ̀kọ̀ láti mọ èwo nínú ìdádúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fà á. Wọn kò ṣe é láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Wọ́n ṣe é kí ikú kan lè kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe dá èkejì dúró. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Ọ̀kè-Àró, Àkúrẹ́, oníbẹ́ẹ̀dì 100. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú níbẹ̀ nígbà náà fún aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, títí kan iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí irú rẹ̀ sí ìlú Oǹdó.

Àwọn èèyàn ya lọ síbẹ̀. Láti Èkìtì, láti Ọ̀ṣun, láti Ẹdó ni wọ́n ti ń wá sí Àkúrẹ́. Ìbùkún ni, ìṣòro náà sì ni. Aboyún tí ara rẹ̀ le, tí sẹ́ńtà ìlera àdúgbò rẹ̀ lè gbẹ̀bí fún, ń tò lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ilé ńlá kún bámúbámú, sẹ́ńtà kékeré ṣófo. Ilé ìwòsàn ńlá kò lè dá ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mo rí ọgbọ́n jù nínú gbogbo ètò yìí ni Agbẹ̀bíyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Láìka ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ sí, ọ̀pọ̀ aboyún ṣì ń bí ọmọ lọ́dọ̀ àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti nílé ìgbẹ̀bí ìjọ. Ẹni tó bá mọ Oǹdó kò ní bi mí ìdí rẹ̀. Àgbẹ̀bí wà ní ojúlé kejì. Ó máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀, ó tilẹ̀ máa ń gba iṣu. Ó ń gbàdúrà, ó ń kì ọmọ, kì í jágbe mọ́ aboyún, bó bá sì di aago méjì òru, ó ń ṣílẹ̀kùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gbẹ̀bí ìyá aboyún náà fúnra rẹ̀. Ìṣòro ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tàbí bí gìrì oyún bá dé, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe sí i, àkókò tó fi ń gbìyànjú ló sì ń pa aboyún.

Ìjọba ì bá ti ilé àwọn àgbẹ̀bí pa. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ níbòmíràn. Inú òkùnkùn ni àwọn àgbẹ̀bí kàn máa ń kó iṣẹ́ lọ. Ohun tí Agbẹ̀bíyè rí ni pé iṣẹ́ yìí ni oúnjẹ obìnrin náà. Bí o bá ní kó má gbẹ̀bí mọ́, ọbẹ̀ ilé rẹ̀ lo fọwọ́ kàn. Wọ́n wá ní kó má pàdánù aboyún, kó kàn máa mú un wá. Wọ́n fún un ní káàdì tí yóò fi ránṣẹ́. Bí aboyún tó fi ránṣẹ́ bá bímọ sí ilé ìwòsàn, àgbẹ̀bí gba owó tirẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn kí owó lè máa wọlé láti ibòmíràn. Àgbẹ̀bí lè bá aboyún lọ, kó dúró tì í. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀ ló wá di ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ìlú.

Ká wò ó lójú ẹni tó ń kọ́ ètò: káàdì yẹn ní orúkọ ẹni tó fi aboyún sílẹ̀ àti orúkọ ibi tó gbà á. Owó tí wọ́n ń san kì í jáde títí ẹni tó gbà á yóò fi sọ pé òun ti gbà á. Ìyẹn ni ìfàlénilọ́wọ́ tó péye. N kò tíì rí irú rẹ̀ fún ọmọ ọdún kan, ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ wa.

Ìjọba yí padà ní 2017. Owó ìtọ́jú padà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó sì dun ọ̀pọ̀ ìdílé. Òfin tó dá àjọ ìdójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sílẹ̀ jáde ní 2018, lábẹ́ àjọ náà ni ètò Abiyamọ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn aboyún. Ní báyìí, abẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó ní 2015, ni àwọn ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ méjèèjì wà. Ètò ìdójútòfò yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́ pátápátá: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé nìkan ló ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí oyún tó yọ ni kí aboyún ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní sẹ́ńtà ìlera tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ti pẹ́.

Ọmọ ti wá dé ilé. Ogójì ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà ni ìjọba. Àwọn ètò ńlá kì í sábà kà á mọ́ àwọn tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òun ló ń ra á lápá ra á lẹ́sẹ̀, òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń fi sí ìwọ́. Òògùn ìwọ́ kan wà tó ń jẹ́ chlorhexidine tí wọ́n ń fún ìyá ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ, ìyá ọmọ gbé e délé, ìyá àgbà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó sì mú ohun tó mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Báyìí náà ni ti ọmú. Irú ìwádìí ìlera yẹn tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Àwọn ìyá ti gbọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tó wà nílé ló ní ọ̀fun ọmọ gbẹ, pé kí wọ́n fún un lómi. Bí mo bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi yóò ní kí ìyá àgbà wá síbi ìtọ́jú ìkẹyìn kí wọ́n tó bímọ, kí n sì bá òun náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kan ní sẹ́ńtà ìlera kan ní Oǹdó. Kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn ìyá ti kún. Wọ́n to káàdì lé ara wọn lórí tábìlì, káàdì ẹni tó kọ́kọ́ dé wà nísàlẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó wá yí gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀ láti pe orúkọ. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òṣùwọ̀n rọ̀ láti ara igi àjà, ó ní ṣòkòtò aláṣọ kan tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀, gbogbo ọmọ ló sì ń ké bí wọ́n bá ti gbé wọn kọ́ ọ. Ìyá kan mú ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá wá fún BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée. Nọ́ọ̀sì wo àyíká, ó ka orí: ọmọ mẹ́ta. "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ò tíì pé." Ìyá náà kò fèsì. Ó tún ọmọ pọ̀n, ó mú káàdì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kadà.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ìkà. Ìgò BCG kan ń tó ọmọ 20. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni inú rẹ̀; bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, ìyókù di dídànù. Ti eéyi náà rí bẹ́ẹ̀, ọmọ 10 ni tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bi léèrè ìgò tó ṣòfò yóò dúró de èrò. Ìyá tó sì padà sílé lè má rí owó ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ó lè bọ́ sí àsìkò fífọ́ kòkó.

Ibí yìí ni àjọṣe ti di ìṣirò lásán. Ọmọ ogún wà ní àdúgbò yẹn, àwọn tó mọ ibi tí wọ́n wà ni wọn kò sí níbi tábìlì. Àgbẹ̀bí mọ àwọn tó bí lóṣù yìí. Ìyá ìjọ mọ̀ wọ́n, torí ó lọ kí wọn. Ìmáàmù mọ̀ wọ́n, òun ló sọ wọ́n lórúkọ. Ìyálọ́jà mọ ẹni tí kò tíì padà sídìí àtẹ. Bí àwọn mẹ́rin yìí bá mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ìgò BCG, ọmọ á pé, ìgò kò ní ṣòfò, ìyá kò ní fẹsẹ̀ rin lásán. Wọ́ọ̀dù 203 ló wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18 ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò sì wà pé kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tí yóò máa jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Níbi tí ìgbìmọ̀ náà bá ti ń jókòó lóòótọ́, owó tí iṣẹ́ yìí ń gbà kò ju owó tíì lọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí. Ìwádìí 2018 yẹn náà fi hàn pé nínú ọmọ 100 ní Nàìjíríà, 65 ló gba abẹ́rẹ́ alárùn-márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó ti ku 50. Àwọn 15 yẹn kì í ṣe ọmọ ẹni tó kórìíra abẹ́rẹ́. Ìyá wọn ti gbé wọn wá rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sọnù, kò sì sí ẹni tí wọ́n ní kó lọ wá wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò gùn. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí òṣìṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn bá ti ń jókòó sínú ilé ìwòsàn, ìyá ń gbà á kó tó kúrò níbẹ̀. Ibi tó bá ti jókòó sí sẹkitéríàtì, ọdún tí ọmọ fẹ́ wọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ìjọba kì í sábà fojú kan ọmọ mọ́ títí yóò fi dé ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọdún yẹn gan-an ni èdè ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́lé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, ti 2004 ka ìtọ́jú ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2007 so ìlera, oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ààbò ọmọ pọ̀ sójú kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ tún sọ pé ní ibi ìtọ́jú ọmọ ọwọ́, ọmọ 10 ni kí ó wà lọ́dọ̀ olùtọ́jú kan. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ 25. Ẹ tún wo 25 yẹn: iye aboyún tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ Abíyè kọ̀ọ̀kan náà ni.

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ìwé yìí dùn mọ́ mi. Jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ọ̀rọ̀ ìdílé wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ọmọ bá rí ibi tó dára wà, ìyá lè jókòó ti àtẹ rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Ní Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ ìyá ń gbé ọmọ fún ìyá kan ládùúgbò tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. N kò ní kí wọ́n lé e. Kí wọ́n ṣe fún un ohun tí Agbẹ̀bíyè ṣe fún àgbẹ̀bí ni mo ń wí: kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n kọ́ ọ, kí wọ́n fún un ní káàdì. Ní ti ẹni tí yóò kọ́ ọ, ìlú Oǹdó kò tilẹ̀ jìnnà sí olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1963 láti máa kọ́ olùkọ́, ní ẹ̀ka tó wà fún ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọ kékeré.

Olùtọ́jú ọmọ ládùúgbò yìí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ ọdún méjì kan kì í yíjú bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún? Bó bá sọ fún ìyá ọmọ, ìyá yóò ní bàbá ọmọ náà kò tètè sọ̀rọ̀. Bó bá ní káàdì kan tó lè fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí dókítà etí, tí dókítà sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, ọmọ náà lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ta.

A máa ń sọ pé ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Òótọ́ ni nígbà tí igba ojú náà ń gbé agbo ilé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń rí ara wọn láàárọ̀. Lónìí, ojú kan wà ní Ọ̀kè-Àró, òmíràn wà ní sẹkitéríàtì, òmíràn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ń wò. Ìwádìí 2023 sí 2024 sọ pé ọmọ 110 nínú 1,000 ni kì í pé ọdún márùn-ún mọ́ ní Nàìjíríà, kì í ṣe 157 mọ́. Ó ti dín, ṣùgbọ́n ó ṣì ju ọmọ kan nínú mẹ́wàá lọ.

Bí o bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì nílé, tàbí tí ọmọ rẹ ní ọmọ, wá káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde lálẹ́ òní. Wo ìlà ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, wo ìlà oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ọ̀kan bá ṣófo, gbé e lọ lọ́la, kó o sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣí ìgò, kó o bàa lè sọ ọ́ fún ìyá ọmọ tó wà ní ojúlé kejì.